Ọgọ́rùn-ún Ọdún Èbúté Àpápá: Ohun Tó So Ìgbàjà Mọ́ Òkun

Kò sí òkun ní Ìgbàjà, kò sì sí ọ̀sà. Bẹ́ẹ̀, ó ṣòro láti rí ilé kan nínú ìlú wa tí ohun tó gba orí òkun wọlé kò sí: páànù orí òrùlé, ìwé inú àpótí, ẹ̀rọ ìránṣọ, ìgò oògùn. Ní ọdún 2026, ìdíkọ̀ àkọ́kọ́ ní èbúté Àpápá pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ayẹyẹ náà kan àwa ará ilẹ̀ Ìgbómìnà, nítorí èbúté kì í ṣe ti ẹni tó ń gbé etí omi nìkan. Ti gbogbo ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá dé ibẹ̀ ni.

Ẹnu omi Èkó há púpọ̀ nígbà kan. Yanrìn tó gbá jọ sábẹ́ omi níbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Lójú agbami ni wọ́n ti ń dúró. Èèyàn á jókòó sínú àpótí onígi, wọ́n á fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré níbi tí ìgbì ti ń jà. Ọ̀pọ̀ ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé lọ sí Forcados, ní agbègbè ẹnu odò Ọya, kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó tún kó o padà wá sí Èkó.

Irú èbúté bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham, gúnlẹ̀ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1893. Kí ọdún 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti kú lẹ́nu ìrìnàjò ìwàásù sí àárín ilẹ̀. Bingham kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parun. Ẹgbẹ́ ajíhìnrere SIM tó jáde látinú rẹ̀ fìdí kalẹ̀ ní Pàtígì ní 1902. Ní 1941, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì sílẹ̀ ní Ìgbàjà, èyí tó di ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọ ECWA tí a fi ń mọ ìlú wa káàkiri Nàìjíríà.

Láti 1907 ni ìjọba ti gbé ọkọ̀ tó ń wa yanrìn wá sí Èkó. Wọ́n to òkúta bí ògiri gbọọrọ wọ inú òkun lọ ní ọ̀tún àti ní òsì ẹnu omi, kí ìgbì má baà gbá yanrìn padà. Òkúta Aro, ní Abẹ́òkúta, ni ọkọ̀ ojú irin ń kó wá fún iṣẹ́ náà. Òkúta ilẹ̀ òkè ló bá wọn ṣílẹ̀kùn òkun! Nígbà tó di 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọ Èkó tààrà.

Rélùwéè náà kò dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1896. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Nígbà tó fi máa di 1912, ó ti so pọ̀ mọ́ ọ̀nà irin Kánò. Ibùdókọ̀ Ọ̀fà ló wá di èbúté ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ẹrù tó bá ti dé Ọ̀fà ti bọ́ sójú ọ̀nà òkun.

Ó ku ohun kan. Erékùṣù Èkó ni ìdíkọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wà, ọ̀sà sì wà láàrin ibẹ̀ àti Ìdó tí ojú irin ti bẹ̀rẹ̀. Àpápá ní omi tó jìn, orí ilẹ̀ ló sì wà, ọkọ̀ ojú irin lè gbé ẹrù dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òkun gan-an. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1921. Ní 1926, ìdíkọ̀ mẹ́rin tó gùn tó mítà 549 ti wà nílẹ̀. Ẹ̀pà Kánò, kòkó Ìbàdàn àti Oǹdó, ẹkùrọ́ àti awọ ń jáde níbẹ̀. Iyọ̀, aṣọ, irin àti sìmẹ́ǹtì ń wọlé. Láàrin 1948 sí 1956 ni wọ́n fi ìdíkọ̀ márùn-ún kún un. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1955 ni Àjọ Èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọdún 1975 kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ńlá. Owó epo wọlé, ìjọba ra nǹkan bí ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú omi Èkó, wọn kò rí àyè já ẹrù. Èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977 dín ìnira náà kù, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, orí ilẹ̀ ni ìdíwọ́ náà ṣí lọ: tírélà ń sùn lórí títì Oṣòdì sí Àpápá. Bí ọ̀nà bá dí, èbúté ti dí náà nìyẹn.

Ní 2023, wọ́n ṣí èbúté Lẹ́kí, tí omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5. Láti 2021 ni ọ̀nà irin tuntun ti so Èkó mọ́ Ìbàdàn, ẹ̀ka rẹ̀ sì wọ èbúté Àpápá. Inú mi dùn sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ọ̀nà irin tuntun náà dúró sí. Kajú àti òrí Kwara, tí òkè òkun ń fẹ́, orí tírélà ni wọ́n ń gbà lọ, àgbẹ̀ ló sì ń ti inú èrè rẹ̀ san owó ìdádúró ọ̀nà.

Àwọn tó kọ́ Àpápá mọ̀ pé ojú irin àti ìdíkọ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Kí àwọn tó ń ṣe ìjọba lónìí parí iṣẹ́ náà dé Ọ̀fà àti Ìlọrin, kí wọ́n sì tún àwọn ọ̀nà tó ti inú ìlú wa lọ bá a ṣe. Nígbà náà ni ọgọ́rùn-ún ọdún kejì èbúté náà yóò ṣe àgbẹ̀ Ìgbàjà ní àǹfààní tó tọ́ sí i.