Adágún Nyos àti Ìtàn tí Wọn Kò Kà Sí

Ẹni tó bá dúró lórí òkè tó yí Adágún Nyos ká, ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù, yóò rí omi búlúù tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, àpáta tó ga sókè létí rẹ̀, àti koríko tútù tí àwọn Fúlàní darandaran ń fi màlúù jẹ. Òkè oníná kan ló bú níbẹ̀ láyé àtijọ́ tó fi ilẹ̀ jíjìn sílẹ̀ fún omi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì lé ní 200 mítà. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1986, omi yìí tú afẹ́fẹ́ jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti pa nǹkan bí 1,700 ènìyàn ní Nyos, Kam, Cha àti Subum, pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn tó lé ní 3,000. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń sọ ni pé ẹwà ibẹ̀ ló tan àwọn ará abúlé jẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ pé adágún lè pànìyàn ti wà nílẹ̀ ní Kamẹrúùnù kí alẹ́ ọjọ́ náà tó dé: díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn àgbà, díẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn méjèèjì kò pàdé, kò sì sí èyí tó dé etí àwọn tó sùn ní àfonífojì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe iná, kì í sì í ṣe ìkún omi. Láti abẹ́ àpáta ni afẹ́fẹ́ carbon dioxide ti ń yọ́ wọ omi ìsàlẹ̀, tí ìwúwo omi òkè sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Nítorí pé ilẹ̀ olóoru ni, omi òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í sábà dà pọ̀, afẹ́fẹ́ náà sì lè kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tó fura. Ẹni tó bá ti ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n mì tìtì mọ bí ó ṣe ń hó jáde nígbà tí ìdérí bá kúrò. Àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó ṣí Nyos: àwọn kan ní ilẹ̀ ló ya wọ inú omi, àwọn mìíràn ní òjò tútù ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé afẹ́fẹ́ náà wúwo ju èyí tí à ń mí lọ. Kò gòkè, ńṣe ló gba àfonífojì lọ títí ó fi dé ibi tó tó kìlómítà 25 sí adágún. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti sùn kò jí mọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ bá òkú ènìyàn àti ti màlúù nílẹ̀ láìsí eṣinṣin lára wọn, torí kòkòrò pàápàá ti kú. Omi búlúù ti di pupa rúsúrúsú, nítorí irin tó ti yọ́ sínú omi ìsàlẹ̀ gòkè wá pàdé atẹ́gùn. Màlúù tó wà lórí òkè gíga yè.

Lórí àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Grassfields yìí, ìtàn adágún tó ń ru sókè, tó ń ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, tó ń gbé ènìyàn mì, kò ṣọ̀wọ́n. Eugenia Shanklin, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí àṣà láàárín àwọn Kom, ẹ̀yà kan ní agbègbè náà, kí àjálù náà tó ṣẹlẹ̀, kó irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1989. Èyí tí àwọn Kom mọ̀ bí ẹni mowó ni ti ìgbà tí wọ́n ṣì ń gbé ní Bamessi. Ọba Bamessi bá ọba Kom ṣàdéhùn pé kí oníkálukú kọ́ ilé kan, kí ó kó àwọn ọkùnrin alágídí ìlú rẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n sì dáná sun ilé méjèèjì. Ọba Bamessi dọ́gbọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà kejì sí tirẹ̀, àwọn tirẹ̀ sá jáde, àwọn ọkùnrin Kom sì jóná. Ìbànújẹ́ mú kí ọba Kom pokùn so. Omi tó ń kán lára òkú rẹ̀ di adágún, ìdin ara rẹ̀ di ẹja. Lọ́jọ́ tí àwọn ará Bamessi wọ inú omi náà lọ pẹja, adágún yí lé wọn lórí, ó sì gbé wọn mì. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Kom tọ ipa òjòlá kan títí wọ́n fi dé Laikom, níbi tí ààfin wọn wà dòní.

Ẹnìkan lè sọ pé ìtàn ẹ̀san lásán nìyí, pé kò ní ọdún, kò dárúkọ Nyos, àti pé ìjà ìlú méjì ló bí i. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò sì pè é ní àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ikú tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé létí omi lásán máa ń bẹ̀rù ọ̀nì, ìkún omi, àti kí ọmọ má rì. Kì í bẹ̀rù pé omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ yóò yí padà lójijì, kí ó pa ogunlọ́gọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí irú ẹ̀rù àrà ọ̀tọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́nu ìlú púpọ̀ ní agbègbè kan ṣoṣo, tí agbègbè náà sì jẹ́ ibi tí adágún ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, ó yẹ kí olùwádìí béèrè ohun tí àwọn baba ńlá wọn rí. Ìbéèrè yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Bí a bá tilẹ̀ fi ìtàn àwọn àgbà sílẹ̀, ẹ̀rí kejì wà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1984, ọdún méjì péré ṣáájú Nyos, Adágún Monoun ní Kamẹrúùnù kan náà pa ènìyàn 37. Àwọn kan kọ́kọ́ fura pé ọwọ́ ọ̀tá ló wà níbẹ̀. Haraldur Sigurdsson, onímọ̀ òkè oníná láti Iceland, yẹ omi náà wò, ó sì rí i pé afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ adágún ló pa wọ́n. Ọdún 1987 ni àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀, nígbà tí wọ́n ti sin òkú Nyos tán. Ẹnìkan lè sọ pé adágún irú èyí pọ̀ jù ní Kamẹrúùnù, ta ni yóò mọ èyí tó léwu? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro: bí a bá sọ ohun èlò kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, tí a bu omi ibẹ̀ wò, a ó mọ̀. Nígbà tí wọ́n wá yẹ àwọn adágún náà wò níkẹyìn, Nyos àti Monoun nìkan ni wọ́n bá afẹ́fẹ́ tó tó pànìyàn nínú wọn. Méjì péré ni.

Níbi tí ìmọ̀ kò bá dé, àhesọ ló ń gbapò. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn àjálù náà ni Shimon Peres, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, dé Kamẹrúùnù pẹ̀lú àwọn dókítà, kíá ni ọ̀rọ̀ sì tàn ká pé bọ́ǹbù ni wọ́n dán wò. Kò yẹ kí a dá àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, nítorí àwọn onímọ̀ pàápàá pín sí méjì nígbà tí wọ́n pàdé ní Yaoundé ní oṣù Kẹta ọdún 1987. Haroun Tazieff, onímọ̀ òkè oníná, àti àwọn tirẹ̀ ní òkè oníná ló tún bú; àwọn yòókù ní afẹ́fẹ́ tó ti kó jọ sínú omi ló tú jáde.

Ní ọdún 2001, wọ́n ri páìpù wọ ìsàlẹ̀ Nyos kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ kàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni, lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ti omi sókè, tó fi tú jáde nígbà náà ní gíga nǹkan bí 50 mítà. Wọ́n fi páìpù méjì kún un ní 2011. Àwọn tó yè bọ́ ni wọ́n pín sí ibùdó méje, Buabua àti Kimbi wà lára wọn, jìnnà sí ilẹ̀ oko bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà gan-an, torí ògiri àdánidá tó dá omi dúró kò lágbára tó, bí ó bá sì wó, ọ̀nà odò Katsina-Ala ni ìkún rẹ̀ yóò gbà wọ ìpínlẹ̀ Benue. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi kọnkéré kún un.

Ibi tó kù láti fọkàn sí ni Adágún Kivu, láàárín Rùwáńdà àti Kóńgò, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju ti Nyos lọ ní ìlọ́po púpọ̀, tí nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn sì ń gbé etí rẹ̀. Àwọn ará Goma, ìlú kan létí adágún náà, ti mọ àwọn kòtò ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ burúkú ń sá pamọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní mazuku, àwọn onímọ̀ sì ti gba orúkọ náà lẹ́nu wọn. Kí wọ́n má ṣe dúró lórí orúkọ. Kí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wọn omi Kivu jókòó ti àwọn apẹja àtàwọn àgbà ibẹ̀ nísinsìnyí, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa tẹ èsì àyẹ̀wò wọn jáde ní èdè tí apẹja gbọ́.