Akúdàáyà Nínú Kíláàsì: Bí Wọ́n Ti Ṣe Sinimá Yeogo Goedam Ní Ilẹ̀ Kòríà

Ta ni kò mọ ìtàn akúdàáyà láàárín wa? Ẹni tí ó ti kú, tí a ti sin, tí ó tún ń gbé láàárín àwọn tí kò mọ̀ pé òkú ni. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú sinimá kan tí wọ́n gbé jáde ní Gúúsù Kòríà ní oṣù karùn-ún, ọdún 1998. Yeogo Goedam ni orúkọ rẹ̀, èyí tí a lè túmọ̀ sí Ìtàn Abàmì Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Àwọn Ọmọbìnrin. Kì í ṣe nítorí àtidẹ́rù ba ènìyàn nìkan ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹjọ́ kan ni wọ́n fẹ́ rò, olùkọ́ sì ni wọ́n pè lẹ́jọ́.

Iwin tí ń rojọ́ kì í ṣe ohun tuntun ní Kòríà. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn, a gbọ́ nípa Janghwa àti Hongryeon, ọmọ ìyá méjì tí ìyàwó baba wọn purọ́ mọ́, tí àwọn méjèèjì sì bá omi lọ. Lóru ni iwin wọn máa ń tọ adájọ́ ìlú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù a pa adájọ́ kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀kan tí ó láyà fi jókòó, tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ní 1924, nígbà tí àwọn ará Japan ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà, ilé sinimá Dansungsa ní Seoul fi ìtàn yìí ṣe sinimá aláìlóhùn. Owó àti ọwọ́ ọmọ Kòríà ni wọ́n fi ṣe é.

Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn èyí, abúlé àtijọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn iwin wọn ń gbé. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n KBS fi ń han àwọn ará ìlú láti 1977 di 1989 nínú ètò Jeonseol-ui Gohyang. Ìgbìmọ̀ kan sì wà tí ń yẹ sinimá wò kí ó tó jáde, tí ó lè gé ohun tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn dànù. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, 1996, ilé-ẹjọ́ tí ń rí sí òfin ilẹ̀ wọn dájọ́ pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin. Ilẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n ní ìparí 1997 ọrọ̀-ajé Kòríà dẹnu kọlẹ̀, ìjọba sì lọ yá owó lọ́wọ́ àjọ IMF.

Nínú ọ̀wọ́n owó yìí ni Lee Choon-yun, olórí ilé-iṣẹ́ Cine 2000, dáwọ́ lé Yeogo Goedam. Park Ki-hyung ni ó darí rẹ̀. Òun sì ni sinimá gígùn àkọ́kọ́ tí ó darí. Kim Gyu-ri, Choi Kang-hee àti Park Jin-hee, tí wọ́n ṣe akẹ́kọ̀ọ́, kò tíì lókìkí nígbà náà. Èyí ṣàǹfààní, nítorí òǹwòran kò lè fi òkìkí mọ èwo nínú wọn ni iwin. Ẹni tí ó ti lókìkí ni Lee Mi-yeon, tí ó ṣe olùkọ́ Eun-young. Ní 1989, òun kan náà ni ó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tí wàhálà máàkì ìdánwò pa nínú sinimá kan tí Kang Woo-suk darí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án ó padà sí kíláàsì, ṣùgbọ́n ní ipò olùkọ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti rí ọgbọ́n iṣẹ́ wọn jù lọ. Ọmọbìnrin kan dúró ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀; lójijì ó ti dé àárín; kí á tó ṣẹ́jú, ojú rẹ̀ ti kún gbogbo àwòrán. Ọ̀nà rẹ̀ kò le: wọ́n gé ìrìn tí ó wà láàárín dànù, wọ́n sì lẹ ìyókù pọ̀. Báyìí ni ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ṣe di ibi ẹ̀rù. Ó bá ayé àwọn ọmọ náà mu, nítorí títí di alẹ́ ni wọ́n máa ń jókòó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí ìdánwò àtiwọ yunifásítì.

Ẹjọ́ náà nìyí. Jin-ju kú sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ń padà wá jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ojú kan náà ni ó wà nínú ìwé àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí olùkọ́ kan ṣàkíyèsí, ó ti pẹ́ jù. Lójú tèmi, àwọn yòókù kò mọ̀ nítorí pé ipò tí ọmọ gbà ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ojú ọmọ. Olùkọ́ mìíràn, tí àwọn ọmọ ń pè ní Ajá Dìgbòlugi, ń lù wọ́n ní ìlùkulù.

Nígbà tí sinimá náà jáde, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fi ẹ̀hónú hàn pé ó ba iṣẹ́ wọn lórúkọ jẹ́. A kò lè fi ẹ̀dùn ọkàn wọn ṣẹ̀sín, nítorí olùkọ́ rere pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò ya lọ wò ó, ó sì wà lára àwọn sinimá Kòríà tí èrò wò jù ní ọdún náà. Márùn-ún mìíràn tẹ̀lé e, láti 1999 títí di oṣù kẹfà 2021. Lee Choon-yun kú ní oṣù karùn-ún ọdún náà, kí èyí tí ó kẹ́yìn tó jáde. Ní oṣù kọkànlá 2010, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ Seoul fi òfin de nínà ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Èmi kò sọ pé sinimá ni ó fa òfin yìí, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí Jin-ju rò wà lára ohun tí ará ìlú ti gbọ́ ṣáájú.

Nínú ìtàn Janghwa, àwọn adájọ́ tí ẹ̀rù bà ni ó kú. Ẹni tí ó jókòó gbọ́ ni ó yè. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, bí a bá dé iwájú kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ iwájú, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: ọmọ mélòó níbẹ̀ ni a lè pe orúkọ rẹ̀ láìwo rẹ́jísítà?