Àwọn Tó Ń Sọ Bọ́ọ̀lù, àti Ìbéèrè Tí A Kì Í Bi Wọ́n

Oníròyìn eré ìdárayá ni ẹni tó ń gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápá lọ bá ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nílẹ̀ wa, ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí pín sí. Àwọn kan ń sọ eré bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, lórí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ni gbogbo ayé mọ̀ sí kọmẹntétọ̀. Àwọn atọ́kùn ètò ń jókòó tú eré palẹ̀ lẹ́yìn tó ti parí, tí àwọn olùgbọ́ á sì máa pè wọ́n lórí fóònù láti bá wọn jiyàn. Àwọn akọ̀ròyìn ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn tó máa ń fi ọ̀rọ̀ wá ẹlòmíràn lẹ́nu wò ti wá di ẹni tí à ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ohun tó dára sì ni. Àléébù ibẹ̀ ni pé ìbéèrè kan náà la máa ń bi wọ́n: agbábọ́ọ̀lù wo lẹ fẹ́ràn jù, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wo lẹ kò lè gbàgbé? Ẹni tó béèrè bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù ló ń wá, kò béèrè iṣẹ́ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Èrò tí àyọkà yìí gbé kalẹ̀ ni pé owó àti àṣẹ tó wà lẹ́yìn gbohùngbohùn ló ń yan ohùn tí à ń gbọ́, ju ẹ̀bùn ẹni tó dì í mú lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ìdí tí bọ́ọ̀lù abẹ́lé wa fi pàdánù ohùn rẹ̀, ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni yóò ti gbọ́ ọ, bó bá mọ ohun tí yóò bi wọ́n.

Igbó Ẹfọ̀n, lẹ́bàá títì Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, jẹ́ ibi tó dára láti dúró sí wo ọ̀rọ̀ náà. Abúlé ni kí Lẹ́kì tó fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní báyìí, ilé àwọn olówó àti yàrá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn ló jọ fara kan ara wọn níbẹ̀. Bí ọ̀sán Sátidé bá ti ń rọlẹ̀, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù á kún. Owó là ń san lẹ́nu ọ̀nà kí a tó wá àyè jókòó, tẹlifíṣọ̀n bíi méjì á máa fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ hàn, ohùn ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń tú sílẹ̀. Láti ìlú Òyìnbó ni ohùn náà ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ pápá Onikan, tí wọ́n ti fi orúkọ Mobolaji Johnson sọ báyìí, kò jìnnà síbẹ̀ púpọ̀. Ẹ kàn la Victoria Island kọjá ni. Ibẹ̀ ni Ikorodu City, tó gòkè wá sínú líìgì àgbà ní 2024, ti ń gbàlejò. Síbẹ̀, ẹni tó lè ka orúkọ gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Arsenal lè má mọ ẹni tó ń ṣọ́lé fún Ikorodu City. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àìfẹ́ràn nǹkan tiwa ló fà á. Mi ò gbà. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fẹ́ràn eré tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un?

Ọ̀rọ̀ sísọ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kúrò lórí pápá. Ní ọjọ́ 22, oṣù kìíní, ọdún 1927, BBC sọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Arsenal àti Sheffield United lórí rédíò, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí pé olùgbọ́ kò rí nǹkan kan, wọ́n tẹ àwòrán pápá tí wọ́n ti pín sí ojú-ojú pẹ̀lú nọ́ńbà sínú ìwé Radio Times, kí ẹni tó wà nílé lè máa fi ìka tọ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn. Ọdún 1935 ni rédíò onídè dé Èkó, àpótí tí wọ́n ń fi wáyà fà wọ ilé. Iléeṣẹ́ Nigerian Broadcasting Corporation bẹ̀rẹ̀ ní 1957, WNTV Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, 1959. Nígbà tí Dick Tiger àti Gene Fullmer kan ẹ̀ṣẹ́ fún àmì ẹ̀yẹ àgbáyé ní pápá Liberty ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ, 1963, iṣẹ́ yìí ti ní àwọn gbajúmọ̀ tirẹ̀. Ishola Folorunso wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lórúkọ nídìí rẹ̀ lórí rédíò. Olùgbọ́ tiwa kò ní àwòrán onínọ́ńbà kankan lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ní, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́dọ̀ ya pápá, kó ya bọ́ọ̀lù, kó sì ya ojú agbábọ́ọ̀lù.

Ernest Okonkwo ti Radio Nigeria, tó kú ní 1990, ló ṣe èyí débi tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe é dé. Ọmọ Igbo ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ilé Yorùbá tí orúkọ tó sọ àwọn agbábọ́ọ̀lù kò wọ̀. Òun ló pe Christian Chukwu ní Chairman, tó pe Aloysius Atuegbu ní Block Buster, tó pe Yisa Sofoluwe ní Dean of Defence. Segun Odegbami, ọmọ Ẹ̀gbá tó gba bọ́ọ̀lù fún IICC Ìbàdàn tó sì kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ló sọ ní Mathematical. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, 1980, ní pápá Surulere, Odegbami gbá ayò méjì wọlé, Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta, Nàìjíríà na Algeria ní mẹ́ta sí òdo, ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà sì di tiwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Orúkọ tí Okonkwo sọ wọ́n kò bọ́ lára wọn títí dòní. Iṣẹ́ akígbe oríkì ni ọkùnrin yìí ń ṣe, ó kàn jẹ́ pé gbohùngbohùn ló fi rọ́pò ìlù ni.

Bí a bá dúró síbẹ̀, ìyìn lásán la ṣe, irú èyí tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kún fún. Ìbéèrè iṣẹ́ ni pé báwo ló ṣe rí i ṣe? A kì í fún ẹni tí a kò mọ̀ lóríkì. Kí èèyàn tó lè wo agbábọ́ọ̀lù kan kó sọ pé ìṣirò ló ń fi ẹsẹ̀ ṣe, ó ti ní láti rí i nígbà tó gbá a dáadáa, kó rí i nígbà tí kò gbá a dáadáa, nílé àti lẹ́yìn odi. Okonkwo rí wọn bẹ́ẹ̀ nítorí pé òṣìṣẹ́ rédíò ìjọba ni, owó oṣù ló ń gbà, iléeṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń gbé e lọ síbi ìdíje Challenge Cup àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bíi Rangers àti IICC. Ẹ̀bùn rẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n ètò tó jẹ́ kó máa rí àwọn ènìyàn kan náà léraléra ló sọ ẹ̀bùn náà di iṣẹ́.

Ètò yẹn ló yí padà. Òfin 1992 ṣí ilẹ̀kùn fún iléeṣẹ́ aládàáni, Raypower bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ní Èkó ní 1994, Larry Izamoje sì dá Brila FM sílẹ̀ ní 2002, rédíò tó jẹ́ pé eré ìdárayá nìkan ló ń sọ. Àǹfààní ńlá ni, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé ayé rédíò ìjọba dára ju bó ti rí lọ. Ẹni tó ń gba owó oṣù ìjọba kì í sábà bú ìjọba. Ṣùgbọ́n nínú ayé tuntun yìí, àyè orí afẹ́fẹ́ di ọjà. Ẹ bi àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń dá ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ FIBAN: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé fúnra wọn ni wọ́n ń san owó àyè fún iléeṣẹ́ rédíò, tí wọ́n á sì wá oníǹkan tí yóò polówó lórí ètò wọn kí owó náà tó padà wọlé. Ẹni tó wà nírú ipò yìí, tó ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, kí ni yóò fi í sọ? Ohun tí olùpolówó mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń gbọ́ ni. Bí Chelsea àti Manchester United ṣe di ọ̀rọ̀ àárọ̀ wa nìyẹn.

Ti tẹlifíṣọ̀n tún le jùyẹn lọ, torí ẹni tó bá ra ẹ̀tọ́ ìdíje nìkan ló lè fi í hàn. Iléeṣẹ́ HiTV gba ẹ̀tọ́ líìgì Gẹ̀ẹ́sì mọ́ DStv lọ́wọ́ ní 2007. Nígbà tí ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2010, iléeṣẹ́ náà kò pẹ́ mọ́ láyé. SuperSport fi líìgì tiwa hàn fún bí ọdún mẹ́wàá kó tó jáwọ́ ní 2017, láàárín àkókò yẹn sì ni àwọn ọ̀dọ́ kọmẹntétọ̀ kan rí ibi kọ́ iṣẹ́ lórí bọ́ọ̀lù abẹ́lé. Nígbà tí kámẹ́rà kúrò, iṣẹ́ kúrò. Ní 2020, àjọ tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ gbìyànjú láti fi òfin kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti dá ẹ̀tọ́ eré ìdárayá mú sọ́wọ́; ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dá a lẹ́kun ní 2022. Nínú gbogbo èyí, ta ló ti béèrè lọ́wọ́ kọmẹntétọ̀ kan pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí àdéhùn parí?

Ẹnì kan lè ní àwòrán ti dé, ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ níye lórí mọ́. Ẹ lọ pa ohùn tẹlifíṣọ̀n ilé ìwòran mọ́ láàárín eré, kí ẹ wo ohun tí àwọn tó sanwó máa ṣe fún yín. Gbogbo ayé ló fi ojú rí ayò tí Diego Maradona sáré gbé láti ìdajì pápá gbá sínú àwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ní 1986, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Victor Hugo Morales, ọmọ Uruguay, fi sọ ọ́ ni àwọn ará Argentina ń kọ́ sórí títí dòní.

Àtakò kejì ní láárí jùyẹn lọ: pé ìrántí àwọn oníròyìn kò ṣeé gbára lé. Ẹlẹ́nu dídùn ni wọ́n, àsọdùn wà nínú iṣẹ́ wọn. Òótọ́ ni. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù wa ti ń fi òdo sí mẹ́rin fìdí rẹmi lọ́wọ́ Soviet Union ní Dammam ní oṣù kejì, 1989, tí wọ́n tún dá gbogbo rẹ̀ padà tí wọ́n sì borí pẹ̀lú pẹnáritì, ẹni méjì kò ní sọ ọ́ bákan náà. Ṣùgbọ́n àmì ayò wà nínú ìwé. A kò nílò ẹnikẹ́ni láti rántí rẹ̀ fún wa. Ohun tí kò sí nínú ìwé ni bí iṣẹ́ ṣe rìn: ìlà tẹlifóònù wo ni ohùn gbà kọjá, ta ló sanwó òtẹ́ẹ̀lì, ta ló kìlọ̀ pé kí wọ́n má sọ báyìí. Ọ̀rọ̀ orí afẹ́fẹ́ ń lọ pẹ̀lú afẹ́fẹ́. BBC tó lówó tó lágbára pàápàá pa ọ̀pọ̀ téèpù rẹ̀ rẹ́ láti tún wọn lò. Bí a bá bi ẹni mẹ́ta tó wà níbi iṣẹ́ kan náà, a ó mọ ibi tí àsọdùn wà.

Irú ìbéèrè báyìí máa ń korò lẹ́nu. Akọ̀ròyìn tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un, báwo ni yóò ṣe kọ ọ́ pé wọn kò tíì san owó àwọn agbábọ́ọ̀lù? A mọ̀ pé ẹ̀gúnjẹ wà nínú iṣẹ́ náà, a sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà á. Èyí tó yẹ kí a béèrè ni iye tí iléeṣẹ́ wọn ń san fún wọn. Ìbéèrè mìíràn kan ọgbọ́n iṣẹ́ gan-an. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá Surulere nígbà tí a ń bá Angola gbá, kò sì dìde mọ́. Láti orí ìjókòó kọmẹntétọ̀, agbábọ́ọ̀lù tó rẹ̀ àti agbábọ́ọ̀lù tó ń kú lè jọ ara wọn. Kí ni èèyàn ń sọ nírú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, tí ìyá ọmọ náà lè wà lára àwọn tó ń gbọ́?

Àwọn obìnrin inú iṣẹ́ yìí ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tún ń fi ìyà jẹ jù. Modele Sarafa-Yusuf, tí ọ̀pọ̀ kà sí aṣáájú àwọn obìnrin tó sọ eré ìdárayá lórí tẹlifíṣọ̀n wa, àti Aisha Falode, tó kúrò nídìí gbohùngbohùn lọ ṣe alága líìgì bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ní 2017, mọ bí agbára ṣe ń rìn nínú eré ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Irú wọn la sì ń bi pé báwo lẹ ṣe ń ráyè gbọ́ ti ilé.

Ó ku àwọn tó ní èdè Yorùbá kò lè sáré tó bọ́ọ̀lù. Aṣọ́lé, akọ́nimọ̀ọ́gbá, àmì ayò, ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ: ojoojúmọ́ ni àwọn oníròyìn ń lò wọ́n, BBC Yorùbá náà sì ti ń kọ ìròyìn eré ìdárayá láti 2018. Níbi ìdíje àwọn ọmọ àdúgbò káàkiri Èkó, ẹni tó di gbohùngbohùn mú létí pápá máa ń sọ àwọn ọmọ náà lórúkọ kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Yorùbá àti pijin ló fi ń ṣe é, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé òun kò bá a. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà. Iléeṣẹ́ tí yóò gbé e tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kan fún ọdún márùn-ún ni kò sí.

Segun Odegbami fúnra rẹ̀ ti di akọ̀ròyìn láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ti dá rédíò eré ìdárayá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Eagle7, lórí 103.7 FM. Ọ̀pọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nípa ayò méjì 1980. Èyí tó yẹ kí ẹnì kan bi í ni pé, kí Okonkwo tó pè é ní Mathematical, ìgbà mélòó ló ti rí i tó gbá bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn, ta ló sì san owó ọkọ̀ Okonkwo débẹ̀?