Láti Òkè Hillbrow dé Soweto: Ìrìn Àyẹ̀wò Jíìnì ní Johannesburg

Ní Ìbàdàn, ní Ṣàgámù, ní Òṣogbo, ọ̀dọ́ méjì tó bá mú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ bá òbí tàbí pásítọ̀ ti mọ ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde: "Kí ni jínótáìpù yín?" AA, AS àti SS ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí mọ́ pé àyẹ̀wò jíìnì ni. Ẹni tó dàgbà sínú àṣà yìí tó bá wá dé Johannesburg máa rí i pé àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò bìkítà. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò wọ́pọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọmọ bíbí South Africa. Ibà ló mú kí jíìnì àrùn náà gbilẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn, nítorí ibà kì í sábà le mọ́ ẹni tó jẹ́ AS. Ní ìsàlẹ̀ gúúsù lọ́hùn-ún, ibà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Jíìnì mìíràn ló ń da ìdílé láàmú níbẹ̀, ọdún púpọ̀ sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó jókòó wá a.

Ìdí wúrà ni ìtàn ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1886 ni wọ́n kéde wúrà ní Witwatersrand, tí Johannesburg sì hù nídìí rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìwakùsà ń kó ọkùnrin wá láti Mozambique, láti Malawi, láti ibi tó tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, òtútù àyà sì ń pa wọ́n ní ìpakúpa. Ní 1911, wọ́n bẹ Almroth Wright, gbajúmọ̀ onímọ̀ àjẹsára láti London, pé kó wá dán abẹ́rẹ́ kan wò lára àwọn awakùsà. Nígbà tó di 1912, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba fọwọ́ sowọ́ pọ̀ dá South African Institute for Medical Research sílẹ̀. Herbert Baker, ẹni tó ya àwòrán Union Buildings ní Pretoria, ló ya ti ilé náà, wọ́n sì kọ́ ọ sórí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hillbrow, kò jìnnà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń pè ní Fort, níbi tí wọ́n ti ti Gandhi mọ́lé rí, tí wọ́n sì ti Mandela náà mọ́ lẹ́yìn náà. Ó yẹ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí: kí iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ má baà dúró ni owó fi jáde fún ilé ìwádìí yẹn. Síbẹ̀, inú rẹ̀ ni àyẹ̀wò jíìnì ti máa gbéra nílùú náà.

Trefor Jenkins, dókítà ọmọ Wales, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1963. Ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń wá ohun tí ẹ̀jẹ̀ àwọn San àti àwọn ẹ̀yà yòókù lè sọ nípa ìran wọn àti àìsàn wọn. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ó ti di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ jíìnì ènìyàn tí ilé ìwádìí náà àti Yunifásítì Witwatersrand, tí gbogbo ayé ń pè ní Wits, jọ ní. Lásìkò kan náà ni Steve Biko, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, kú sí àhámọ́ ọlọ́pàá, ní September 1977, tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà sì kọ̀ láti fìyà jẹ àwọn tó yẹ kó tọ́jú rẹ̀. Jenkins, Phillip Tobias, Frances Ames àti àwọn dókítà mìíràn gbé ìgbìmọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì borí ní 1985. Ọ̀rọ̀ yìí kò yà kúrò lójú ọ̀nà rárá. Ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí òfin kò kà sí ọmọ onílùú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu irú ènìyàn tí òun máa jẹ́ sí wọn.

Ètò ìlera nígbà náà kò fi ojú kan náà wo gbogbo ènìyàn, ìtàn jíìnì àwọn aláwọ̀ funfun ló sì kọ́kọ́ yé àwọn dókítà. Geoffrey Dean, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Port Elizabeth, tọpa àìsàn porphyria láti ìdílé dé ìdílé títí ó fi dé ọ̀dọ̀ tọkọtaya ará Netherlands kan, Gerrit Jansz àti Ariaantje Jacobs, tó ṣègbéyàwó ní Cape ní 1688. Ẹni tó jogún rẹ̀ lè máa bá ayé rẹ̀ lọ láìmọ̀, àfìgbà tí wọ́n bá fún un ní oògùn akunilóorun irú ti barbiturate. Nígbà náà ni apá àti ẹsẹ̀ lè rọ, ó sì lè kú. Àwọn dókítà ibẹ̀ kọ́ láti bi aláìsàn nípa ìdílé rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìwòsàn tó ń wo jíìnì nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó lè ka jíìnì ọ̀hún, èyí tí wọ́n rí ní 1996.

Ní Johannesburg fúnra rẹ̀, dókítà Harry Seftel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní 1980 nípa ọ̀pọ̀ Afrikaner, àwọn aláwọ̀ funfun tó ń sọ èdè Afrikaans, tí kólẹ́sítẹ́róòlù kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn láti kékeré, tí àrùn ọkàn sì ń pa wọ́n ní rèwerèwe. Nígbà náà, níbi púpọ̀ láyé, wọ́n máa ń ka ẹni 1 nínú 500 tó gbé jíìnì náà. Láàárín Afrikaner, wọ́n ka ẹni 1 nínú 100. Bí àgbẹ̀ bá kó irúgbìn díẹ̀ láti inú abà ńlá lọ gbìn sí oko tuntun, àléébù ara ẹyọ kan lè gba oko náà kan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé díẹ̀ tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Cape rí. Derick Raal ti Wits tọ́jú ìran wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé nígbà tí oògùn tuntun bí evolocumab àti evinacumab dé, àwọn aláìsàn Johannesburg wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán wọn wò.

Soweto, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé, ńkọ́?

Jennifer Kromberg, tó ń bá Jenkins ṣiṣẹ́, ló lọ ibẹ̀. Òun àti Jenkins ka àwọn àfín ní Soweto, wọ́n sì gbé iye rẹ̀ jáde ní 1982: ẹni 1 nínú 3,900. Iye yẹn ju ti ọ̀pọ̀ ibi láyé lọ fíìfíì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú nǹkan bí ènìyàn 32, ọ̀kan ló gbé jíìnì náà láìmọ̀, nítorí awọ dúdú ni tirẹ̀ bíi ti gbogbo ará ilé. Àfìgbà tí ọkọ àti aya bá jọ gbé e ni wọ́n lè bí àfín, ó sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin nígbàkígbà tí oyún bá dúró.

Yorùbá ka àfín sí ẹni Ọbàtálá, èyí kò sì ní kí ayé má fi àfín ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Soweto, Kromberg gbọ́ ìgbàgbọ́ pé àfín kì í kú, ṣe ló máa ń pòórá. Òun, Jenkins àti Zwane, ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ̀ lé ìyá 35 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ àfín, wọ́n sì kọ̀wé jáde ní 1987: àwọn ìyá míì kò kọ́kọ́ fẹ́ gbé ọmọ náà mọ́ra, oṣù púpọ̀ ló sì gbà kí ọkàn ìyá àti ọmọ tó so pọ̀. Ní 1989 ni iṣẹ́ nípa awọ ara dé. Nínú àfín 111 tí wọ́n yẹ̀ wò, ó lé ní ẹni 1 nínú 5 tí jẹjẹrẹ awọ ara ti mú, bí ọjọ́ orí sì ṣe ń gòkè ni ewu náà ń gòkè. Oòrùn ibẹ̀ le. Fìlà etí gbòòrò, aṣọ apá gígùn àti ìpara ìdáàbòbò ni oògùn, àmọ́ ìmọ̀ gbọ́dọ̀ tètè dé ọ̀dọ̀ ìyá, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré níta.

Michèle Ramsay, onímọ̀ jíìnì ní Wits, ló darí wíwá jíìnì náà nínú láàbù. Ní 1992, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé orí kúrómósóòmù 15 ló wà. Láàárín ọdún mẹ́ta sí i, ọ̀rọ̀ náà yanjú: ègé DNA kan tó gùn tó nǹkan bí 2,700 lẹ́tà ti já kúrò nínú jíìnì OCA2, àjákù kan ṣoṣo yìí ló sì wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀ràn àfín ní gúúsù Áfíríkà. Wọ́n rí i ní Tanzania, wọ́n rí i ní Cameroon, wọ́n rí i lára ọmọ Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó ti ń bá ìran rìn.

Bí àyẹ̀wò náà ṣe ń lọ kò le. Wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á yọ DNA inú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa mú un gbóná, á máa mú un tutù, títí ègé tí wọ́n ń wá yóò fi di ẹgbàágbèje. Wọ́n á rọ ọ́ sí ojú ihò kékeré lára jẹ́ẹ̀lì, wọ́n á tan iná mànàmáná sí i. Ègé kúkúrú máa sáré jìnnà, ègé gígùn máa wọ́ lẹ́yìn. Ẹni tí kò gbé jíìnì náà máa ní ìlà kan, àfín tó jogún àjákù náà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá máa ní ìlà kan níbòmíràn, ẹni tó gbé ẹyọ kan máa ní méjèèjì. Ìlà méjì yẹn ló ń gba ìyá lọ́wọ́ ẹ̀sùn àwọn àna pé òun nìkan ló fà á, nítorí ó máa hàn lára bàbá ọmọ náà pẹ̀lú.

Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jókòó ṣàlàyé rẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1980, Wits bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn olùdámọ̀ràn nípa jíìnì. Ìwé òfìfo ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: igun mẹ́rin dúró fún ọkùnrin, àmì róbótó dúró fún obìnrin, ìlà sì so bàbá àgbà mọ́ ọmọ-ọmọ. Lónìí, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìlú náà, ní Chris Hani Baragwanath, ní Charlotte Maxeke àti ní Rahima Moosa, fún àwọn tó ń sọ Zulu, Sotho, Tswana, Tsonga àti èdè àwọn àjèjì tó kún ìlú náà.

Ọ̀rọ̀ àfín kọ́ àwọn onímọ̀ Johannesburg ní ẹ̀kọ́ kan, pé ìran Áfíríkà lè ní àléébù tirẹ̀, wọ́n sì tún rí i nínú àìsàn mìíràn. Àyẹ̀wò cystic fibrosis, àìsàn àjogúnbá tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tó ti Yúróòpù wá ń wá àléébù tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ní àìsàn náà sábà máa ń gbé àléébù mìíràn, 3120+1G>A, àyẹ̀wò ọ̀hún á sì sọ pé kò sí nǹkan. Ọmọ tó ń wú ikọ́, tí kò sanra, á wá gba oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, àìsàn gidi á máa jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Amanda Krause ti Wits àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà fi hàn pé púpọ̀ nínú aláwọ̀ dúdú tí wọ́n rò pé ó ní àìsàn ọpọlọ Huntington, àìsàn mìíràn tó jọ ọ́ ló ní, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ìran Áfíríkà nìkan.

Iṣẹ́ náà wá tóbi kọjá ìlú kan. Wits ní ilé ìwádìí tó ń jẹ́ orúkọ Sydney Brenner, ọmọ atúnbàtàṣe tí wọ́n bí ní Germiston ní 1927, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002. Ramsay ló darí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣètò ìwádìí AWI-Gen, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, tó sì yẹ nǹkan bí 12,000 ènìyàn wò, láti Soweto, Agincourt àti Dikgale ní South Africa, dé Nairobi, Navrongo ní Ghana àti Nanoro ní Burkina Faso: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, sísanra, pẹ̀lú jíìnì wọn. Ní 2020, ìwé ìròyìn Nature gbé iṣẹ́ kan jáde tí àwọn onímọ̀ Wits kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Inú jíìnì ènìyàn 426 ni wọ́n ti rí ìyàtọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí ìwé kankan kò tíì kọ sílẹ̀. Àwọn Yorùbá Ìbàdàn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún HapMap, ìwádìí àgbáyé nípa ìyàtọ̀ jíìnì ènìyàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ti dúró fún gbogbo Áfíríkà nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí. Iṣẹ́ 2020 yẹn jẹ́ kó hàn bí ẹrù náà ṣe wúwo jù fún ìlú kan ṣoṣo.

Níbi oògùn HIV ni jíìnì ti kan ènìyàn púpọ̀ jù. Ní 2013, South Africa bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní oògùn ẹyọ kan lóòjọ́, efavirenz sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Àwọn tí jíìnì CYP2B6 wọn ń lọ́ra láti lo oògùn náà tán nínú ara máa ń ní òòyì àti àlá burúkú. Irú jíìnì bẹ́ẹ̀ sì wọ́pọ̀ ní Áfíríkà. Síbẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn ń gbé mì nígbà náà. Ní 2019, ìwádìí ADVANCE, tí wọ́n ṣe ní Johannesburg pẹ̀lú ènìyàn 1,053, fi hàn pé àwọn tó ń lo oògùn tuntun kan, dolutegravir, ń sanra ju àwọn tó ń lo efavirenz lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀bi ru oògùn tuntun náà. Nígbà tí wọ́n wo jíìnì wọn, àwọn tó tètè ń lo efavirenz tán ń sanra bákan náà bíi ti àwọn tó wà lórí dolutegravir. Efavirenz tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ara àwọn yòókù ni kò jẹ́ kí wọ́n sanra. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbé efavirenz mì kí wọ́n tó fi jíìnì wo ọ̀rọ̀ sísanra náà.

Pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ yìí, títí di ìsinsìnyí, South Africa kò ní ètò orílẹ̀-èdè tó ń yẹ jíìnì tàbí ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun wò. Òbí tó lówó ní ìhà àríwá ìlú lè san owó kí wọ́n gún gìgísẹ̀ ọmọ rẹ̀ fún àyẹ̀wò náà. Ọmọ tí wọ́n bí ní Baragwanath lóru yẹn kan náà máa bá ìyá rẹ̀ lọ sílé láìṣe é.