Ó So, Kò Wọlé: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Ìṣòro Wáífáì Lójú Ìrìn-àjò

Bí ẹni tó wá ṣọdún bá gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ délé ní Ìlobùú, kì í pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa." Bó bá kọjá sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tó fara kan Ìlobùú débi pé àjèjì lè má mọ ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn parí sí àti ibi tí Orólù ti bẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ni yóò tún sọ. Gbólóhùn yìí tó fún ẹni tó kàn fẹ́ ráhùn. Kò tó fún ẹni tó fẹ́ ṣàtúnṣe, nítorí oríṣiríṣi ìṣòro ló sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, ohun tó sì ń yanjú ọ̀kan kì í yanjú èkejì.

Àwa tí à ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti gbájú mọ́ orúkọ jù. A ní ẹ̀rọ ayélujára, a ní ìtàkùn àgbáyé, a ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ẹ̀rọ dà láàmú fi lè sọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ gan-an, fún ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ló wọ́n wa. Ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo wáífáì fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń làágùn láti túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò ní ìtumọ̀ kankan lédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Interbrand, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣẹ̀dá orúkọ fún ọjà, ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1999 nítorí pé orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò, IEEE 802.11, kò ṣeé pè fún ará ọjà. Ní tèmi, kí a máa pè é ní wáífáì, kí a sì lo okun wa síbi tó yẹ.

Rédíò ni wáífáì. Àwọn àgbà tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Wáífáì ń gba èsì ní tirẹ̀, asọ̀rọ̀gbèsì ni. Ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín wáífáì, ń sọ̀rọ̀, láptọ́ọ̀pù ń dá a lóhùn, èsì yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Àwọn ìlà kéékèèké tó ń fi agbára wáífáì hàn lójú láptọ́ọ̀pù, bí láptọ́ọ̀pù ṣe ń gbọ́ ráútà nìkan ni wọ́n ń sọ. Wọn kò sọ bóyá ráútà ń gbọ́ láptọ́ọ̀pù, bẹ́ẹ̀ agbára ìfọhùn láptọ́ọ̀pù sábà máa ń kéré sí ti ráútà. Nítorí náà ìlà lè pọ̀, kí ìsopọ̀ sì máa já. Bí a bá lè sọ pé "ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ ọ," ẹni tó ń gbọ́ wa yóò mọ̀ pé kí a gbé láptọ́ọ̀pù súnmọ́ ráútà ló kù.

Ọ̀rọ̀ hotspot ló gba àlàyé jù, nítorí inú fóònù ni wáífáì ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ti ń wá. "Tan hotspot ẹ fún mi," ni a máa ń sọ. Ìsopọ̀ méjì ló wà níbẹ̀: láptọ́ọ̀pù sí fóònù, àti fóònù sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo dábàá pé kí a pe ti àkọ́kọ́ ní ìsopọ̀ ilé, kí a pe èkejì ní ìsopọ̀ òde. Fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù nínú yàrá ẹ̀yìn, lábẹ́ páànù, láàárín ògiri alámọ̀ tó nípọn, yóò fún láptọ́ọ̀pù ní ìlà tó kún, kò sì ní sí ohun tó ń wọlé. Tilé dáa, tòde ò dáa. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ní fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù. Fóònù ni yóò gbé sójú fèrèsé, tàbí kó wò ó bóyá dátà ti tán.

Bí fóònù bá ń ṣí ojúewé wẹ́rẹ́ tí láptọ́ọ̀pù ò rí hotspot rárá, tòde dáa, tilé ni kò dáa. Ìgbì 5 GHz lè jẹ́ ohun tó fà á. Fóònù tuntun lè fi ìgbì yìí pín dátà, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò sì mọ̀ ju 2.4 GHz lọ. Ẹ yí i padà sí 2.4 nínú ètò fóònù. Lórí iPhone, Maximize Compatibility ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ìtumọ̀ tó tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì gbọrangandan lè ṣini lọ́nà. Windows ní bọ́tìnnì kan tó ń jẹ́ Forget, tó ń pa orúkọ wáífáì àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ rẹ́ kí èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ sọ fún ìyá àgbà pé "ẹ gbàgbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn," yóò rò pé ẹ ní kó fi í sílẹ̀ ni. "Ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kí ẹ tún un so" ló yẹ.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì àti pápákọ̀ òfuurufú, ìṣòro mìíràn wà. Láptọ́ọ̀pù ti so, ṣùgbọ́n ojúewé kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba orúkọ tàbí owó lọ́wọ́ ẹni. Oníbodè ni mo pe ojúewé yìí, ọ̀rọ̀ tí ìlú Yorùbá ti ní kí kọ̀ǹpútà tó dé. Bí oníbodè kò bá yọjú, ẹ pa VPN, kí ẹ ṣí àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú http tí kò ní s, nítorí oníbodè kò lè dá ojúewé https, tí a ti dí ọ̀nà rẹ̀ pa, padà bó ṣe yẹ.

Ó tún ku àdírẹ́ẹ̀sì IP, nọ́ńbà tí ráútà ń fún láptọ́ọ̀pù. Bí ti láptọ́ọ̀pù bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, láptọ́ọ̀pù ló fún ara rẹ̀. Ráútà kò fún un ní nǹkan kan. Bí àdírẹ́ẹ̀sì bá pé tí orúkọ ojúewé kò ṣí, ó lè jẹ́ pé ajúwelé ló sùn. Ajúwelé ni mo ń pe DNS, tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà ibi tí ojúewé wà. Ẹ lè fi 8.8.8.8 ti Google, tó wà láti 2009, rọ́pò rẹ̀, tàbí 1.1.1.1 ti Cloudflare, tó dé ní 2018.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ìkejì ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ wọn dá lé, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Microsoft náà ti ṣe ojú Windows 7 ní Yorùbá. Ojú ẹ̀rọ ni ìyẹn. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó ń wáyé láàárín ẹni tí ẹ̀rọ dà láàmú àti ẹni tó ń bá a tún un ṣe kò tíì ní ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ọwọ́ yín ni ìwé yẹn wà. Ẹ ṣí ìwé kékeré kan sórí tábìlì yín, kí ẹ máa kọ ohun tí oníbàárà bá sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá nínú ẹ̀rọ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tiyín bá dára ju asọ̀rọ̀gbèsì, oníbodè àti ajúwelé tèmi lọ, tiyín ni kí a gbà.