Rọ́bà Tó Bo Èémí

Igi ìrẹ́ kan wà létí oko bàbá mi àgbà. Bí a bá fi àdá ṣá a, oje funfun á máa kán. Àwa ọmọdé á fi ra ọwọ́, á gbẹ, a ó sì máa bó o bí awọ. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé irú oje bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ènìyàn lè mí nísàlẹ̀ omi láìsí ọ̀pá afẹ́fẹ́ tó so ó mọ́ òkè.

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí mo kà nípa ẹ̀rọ tí òmùwẹ̀ fi ń tún èémí ara rẹ̀ mí, ọ́síjìn ni wọ́n ń yìn. Èmi rò pé ohun tó bo ẹ̀rọ náà ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Ní 1823, Charles Macintosh fi òróró tí wọ́n rí lára ọ̀dà èédú yọ́ rọ́bà, ó sì fi í sáàárín aṣọ méjì. Omi kò wọ̀ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá mú, á máa lẹ̀. Bí òtútù bá mú, á gan. Lẹ́yìn ogún ọdún ni Thomas Hancock ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà fi imí ọjọ́ àti iná wò ó sàn.

Ní 1878, Henry Fleuss ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀. Rọ́bà ni ìbòjú rẹ̀. Èémí tí òmùwẹ̀ bá mí síta á lọ sínú àpò. Òwú okùn tí wọ́n rẹ sínú omi pótáàṣì á fa ìdọ̀tí rẹ̀, ọ́síjìn á sì wọlé látinú àgbá bàbà. Bí omi bá jò kan pótáàṣì yẹn, ohun tó ń jó ọ̀fun ni ènìyàn máa fà símú. Ìbòrí ni ẹ̀mí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin gba abẹ́ odò Severn, omi ya wọlé ní 1879. Ilẹ̀kùn irin kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kò ráyè tì. Òmùwẹ̀ Alexander Lambert kọ́kọ́ wọ aṣọ àtijọ́ lọ. Ọ̀pá afẹ́fẹ́ gígùn ń há, ó ń fà á sẹ́yìn, ó padà. Ní 1880, ó gbé ẹ̀rọ Fleuss kọ́rùn. Òkùnkùn biribiri, ó ju 300 mítà lọ. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ó tún padà lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn náà.

Brazil ni púpọ̀ rọ́bà ìgbà náà ti ń wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Táyà kẹ̀kẹ́ ló mú òyìnbó wá ìrẹ́ kiri níbí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wá láti Gold Coast, wọ́n wọ igbó ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ará ilé sì tẹ̀ lé wọn. Ní 1895, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde lé ní 5,000,000 pọ́ùn. Wọ́n ṣá igi náà láìfún un nísinmi. Kí 1900 tó dé, púpọ̀ nínú wọn ti kú, owó náà sì ti lọ.

Ní 1942, nígbà tí Japan gba Malaya, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún yíjú sí Nàìjíríà, ó ní kí a wá rọ́bà wá fún ogun.

Lónìí, ọ́ra àti neoprene ni wọ́n sábà fi ń bo ẹ̀rọ òmùwẹ̀. Mo béèrè ìrẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tó kọjá. Ó ní wọ́n ti gé e, wọ́n gbin kòkó síbẹ̀.