Àgbẹ̀ Kòkó àti Àwọn Olùdámọ̀ràn Rẹ̀

Àgbẹ̀ kì í dáṣọ lóṣù, àfọdún. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọdún kan jẹ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí kòkó tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe àṣẹ ìjọba ni ó gbé e rìn. Ní Agége, níbi tí J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ olóko sílẹ̀ ní 1907, àwọn alágbàṣe tí ó ti ìlú òkè wá a gba owó iṣẹ́ wọn, wọn a sì di èso kòkó relé. Àárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbìn ín sí, kí ẹnu má baà dilẹ̀ títí igi yóò fi so.

Ní 1944 ni a rí àrùn tí ó ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní Nàìjíríà, ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: kò sí oògùn, ẹ gé igi náà, kí ẹ sì gé àwọn tí ó yí i ká. Òtítọ́ ni wọ́n sọ nípa igi. Nípa olóko ni wọn kò béèrè. Igi tí ó ń ṣàìsàn ṣì ń so fún ọdún mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn yóò jẹ́ kí á dúró ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún; oko tí a ti fi dógò kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo mọ́; ẹni tí ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀, igi rẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, bí igi bá lọ, kí ni ó kù tí yóò nàka sí? Ìdí rèé tí àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn, mesì Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, fi fárí gá, títí ìjọba fi jáwọ́ nínú igi gígé lágbègbè ibi tí àrùn náà ti gbilẹ̀ jù, ní 1950. Ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, ìbínú kan náà wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ Watson, tí ó wádìí rògbòdìyàn 1948 níbẹ̀, gbọ́.

Oògùn tí a ń fín sí èso kòkó kí ó má baà di dúdú kò rí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ lè fín in sí igi díẹ̀, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí èrè rẹ̀ ní àsìkò kan náà.

Ní 1956 ni ìwé Galletti, Baldwin àti Dina jáde, tí ó ka owó, gbèsè, ìdílé àti iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó Nàìjíríà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti ṣíwájú àdá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn, ẹ béèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀, àti ẹni tí a jẹ ní gbèsè, kí ẹ tó sọ igi tí a ó gé.